Róòmù Ta Ni? Ọba, Ẹrú àti Alágbára nínú Sinimá Onídà-àti-Sálúbàtà ti Ilẹ̀ Ítálì

Láàrin ọdún 1958 sí 1965, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sinimá ni àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ítálì gbé jáde lórí ayé àtijọ́, pàápàá ayé Róòmù àti ti Gíríìkì. Àwọn lámèyítọ́ ilẹ̀ Faransé ni wọ́n sọ irú sinimá bẹ́ẹ̀ ní péplum, èyí tí í ṣe orúkọ aṣọ tí àwọn obìnrin Gíríìkì ìgbàanì máa ń wọ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ akọni àti ohun tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì pè é ní sinimá idà àti sálúbàtà. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú orúkọ méjèèjì, nítorí pé ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ìgbà náà kò ka irú eré bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ọnà gidi. Èrò tí iṣẹ́ yìí dúró lé ni pé ẹ̀fẹ̀ náà ti bo ìbéèrè pàtàkì kan mọ́lẹ̀: Róòmù inú sinimá wọ̀nyí, ta ni ó ni ín? Ṣé ọba ni, àbí ẹrú?

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jìn ju ọdún 1958 lọ. Ní 1914 ni Giovanni Pastrone gbé Cabiria jáde, sinimá aláìlóhùn tí ìtàn rẹ̀ wáyé nígbà ogun Róòmù àti Carthage. Gabriele D'Annunzio, akéwì tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, ni wọ́n bẹ̀ kí ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ń hàn láàrin ìran kan sí èkejì. Síbẹ̀, ẹni tí ó wọ àwọn òǹwòran lọ́kàn jù ni Maciste, ẹrú alágbára tí ń tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ ará Róòmù kiri. Bartolomeo Pagano, alágbàṣe kan ní èbúté Genoa, ni ó kó ipa náà. Ará Áfíríkà ni Maciste nínú Cabiria. Ṣe ni wọ́n kun Pagano ní dúdú kí ó lè jọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ pọ̀ tán, wọ́n ṣe sinimá tirẹ̀ fún un ní 1915. Nínú èyí, ọmọbìnrin kan wo Cabiria ní ilé sinimá, ó sì wá Maciste lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ya eré, kí ó lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀tá. Ọ̀dà dúdú ti kúrò lára Maciste tí ó bá níbẹ̀. Òyìnbó ni, ọmọ Ítálì ni, aṣọ ìgbàlódé ni ó sì wọ̀. Ní 1916 ó ti di ọmọ-ogun orí òkè tí ń bá àwọn ará Ọ́sítríà jà. Agbára ẹrú náà ni wọ́n mú. Àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ní àkókò Mussolini, ìdáhùn sí ìbéèrè wa kò ṣòro rárá. Ọdún 1935 ni Ítálì gbé ogun lọ sí Etiópíà. Ní 1937 ni wọ́n ṣí Cinecittà, agbo ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá tí ó wà ní Róòmù, ọdún yẹn kan náà ni Carmine Gallone sì gbé Scipione l'Africano jáde pẹ̀lú owó ìjọba. Scipio, ọ̀gágun Róòmù tí ó ṣẹ́gun Hannibal ní Zama ní 202 ṣáájú ìbí Kristi, ni akọni rẹ̀. Kò sí òǹwòran tí kò ní mọ Áfíríkà tí wọ́n ń bá wí.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni àwọn ará Amẹ́ríkà wá ń ya eré ní Cinecittà: Quo Vadis ti 1951, àti Ben-Hur ti 1959. Ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti aránṣọ Ítálì ti túbọ̀ dá ṣáṣá nínú ṣíṣe òpó tí ó jọ òkúta, tí ó sì jẹ́ pákó lásán. Nígbà tí Pietro Francisci ṣe Le fatiche di Ercole ní 1958, Steve Reeves, ará Amẹ́ríkà tí ó gba oyè Mr. Universe ní 1950, ni ó mú ṣe Hercules. (Ohùn tí òǹwòran ń gbọ́ kì í tilẹ̀ ṣe ohùn Reeves, ẹlòmíràn ni ó sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀.) Joseph E. Levine ra sinimá náà fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ná ju mílíọ̀nù dọ́là kan lọ lórí ìpolówó rẹ̀, èrè tí ó sì jẹ níbẹ̀ ni ó mú kí gbogbo ilé-iṣẹ́ máa wá alágbára kiri. Àwọn ọmọ Ítálì pàápàá ní láti yí orúkọ padà: Adriano Bellini, atukọ̀ ní Venice, di Kirk Morris, Sergio Ciani di Alan Steel.

Nínú àwọn sinimá yìí ni Róòmù ti yí padà. Róòmù kì í sábà ṣe akọni mọ́. Òun ni aninilára. Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù ni Il figlio di Spartacus, tí Sergio Corbucci ṣe ní 1962. Ọmọ-ogun Róòmù ni Reeves níbẹ̀, títí ó fi mọ̀ pé ọmọ Spartacus ni òun, tí ó sì yí sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú. Ìtàn gidi burú ju ti sinimá lọ: lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Spartacus, tí ó wáyé láàrin 73 sí 71 ṣáájú ìbí Kristi, Crassus kan ẹgbẹ̀ta ọ̀nà mẹ́wàá, èyíinì ni 6,000 ẹrú, mọ́ àgbélébùú láti Capua dé Róòmù. Fún orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ apàṣẹwàá, ìyípadà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbóríyìn fún un jù. Àwọn ẹrú inú sinimá wọ̀nyí kì í sábà tú ara wọn sílẹ̀. Ẹnìkan tí apá rẹ̀ tóbi ni ó ń wá já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fún wọn.

Ní 1964, Sergio Leone, ẹni tí ó parí Gli ultimi giorni di Pompei ní 1959 nígbà tí àìsàn dá Mario Bonnard dúró, gbé Per un pugno di dollari jáde. Owó tí sinimá onímàlúù yẹn pa mú kí àwọn agbátẹrù pa idà tì, kí wọ́n gbé ìbọn. Maciste náà, tí wọ́n jí dìde ní 1960, lọ pẹ̀lú wọn. Ó ti hàn nínú sinimá tí ó lé ní ogún láàrin ọdún wọ̀nyẹn, oríṣiríṣi ọkùnrin ni ó sì kó ipa rẹ̀. Kò sí ẹyọ ènìyàn dúdú kan láàrin wọn.