Òkè Ló Ń Jò, Ilẹ̀ Là Ń Tún Ṣe

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbọ. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni, gbèsè tí a fi ń tún ilé ṣe. Orí ara mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ojú tì mí, mi ò sì fẹ́ kí ojú ti ẹlòmíràn nínú yín.

Ilé tí mo ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, bàbá mi ló kọ́ ọ. Iṣẹ́ ẹrù rírù ni bàbá mi ń ṣe ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Bí wọ́n bá ti sanwó oṣù, á gba Wharf Road bọ̀, á ra páànù kan tàbí méjì, á gbé e sẹ́yìn ilé. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kó páànù jọ. Àwọn aládùúgbò ń fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí káfíńtà gun òkè, kò sí ẹnì kankan tó wá bi bàbá mi léèrè owó.

Èmi ọmọ rẹ̀ wá gbọ́n ju bàbá mi lọ. Lọ́dún tó kọjá, ó ku bí oṣù méjì ká ṣe ọdún Ifá, mo gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ láti òkè òkun. Mo wo pálọ̀ wa, mo wo ilẹ̀ símẹ́ńtì tó ti ń fọ́, mo ní kò yẹ kí àlejò bá wa báyìí. Ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń ta táìsì. Wọ́n ní kì í ṣe dandan kí n kó gbogbo owó wá lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fún mi ní káàdì kékeré kan, orúkọ mi wà lára rẹ̀, wọ́n á máa kọ iye tí mo bá san síbẹ̀ lóṣooṣù. Mo gbé e sápò bí ẹni tó jẹ oyè.

Bẹ́ẹ̀, òrùlé yàrá tí ojúbọ wà ti ń jò láti ọdún méjì. Ìyá àwọn ọmọ sọ fún mi pé, "Bàbá wọn, òkè ló ń jò, ilẹ̀ lẹ ń tún ṣe." Mi ò dá a lóhùn. Èmi tí mo máa ń sọ fún ènìyàn pé kí wọ́n dá Ifá kí wọ́n tó dáwọ́ lé nǹkan, mi ò dá Ifá, mi ò sì gbọ́ ti aya.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí mo bá sanwó lọ́wọ́, ₦420,000 ni táìsì yẹn. Bí mo bá gbà á láwìn, ₦90,000 lóṣù, oṣù mẹ́fà, ìyẹn ₦540,000. ₦120,000 ló lé. Mo rò pé kò pọ̀. Ohun tí mi ò rò ni pé láti oṣù kìíní ni mo ti ń dá owó wọn padà. Gbèsè ń dín kù lóṣooṣù, ṣùgbọ́n èlé tí wọ́n bù lé e dà bí ẹni pé gbogbo ₦420,000 wà lọ́wọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibẹ̀ ni èlé àwìn máa ń fara pamọ́ sí.

Oṣù méjì péré ni mo san. Lóṣù kẹta, owó tí mo gbójú lé ò wọlé. Òjò dé, òrùlé jò, omi dà sórí táìsì tuntun. Lóṣù karùn-ún, lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, àwọn ènìyàn ti jókòó, ọmọkùnrin kan wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ má bínú o, wọ́n ní kí n má kúrò níbí láìgba owó." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó wá jọ́sìn. Kò pariwo, kò bú mi. Ó kàn jókòó ni. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí ọpọ́n.

Ìyá àwọn ọmọ dìde, ó wọ yàrá, ó kó ₦270,000 jáde. Owó èsúsú rẹ̀ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, ẹja ló fẹ́ fi rà tà. Oṣù mẹ́rin ló fi jókòó sílé kó tó rí owó ọjà mìíràn. Ojú tó tì mí lọ́jọ́ yẹn ti lọ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin ará, àwìn kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láyé àwọn bàbá wa, àwìn ni wọ́n ń tà. Òṣómàáló là ń pè wọ́n, nítorí pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní dìde títí wọn ó fi gbowó. Òṣómàáló ni ọmọkùnrin orí bẹ́ǹṣì yẹn.

A tún ní ìwọ̀fà. Samuel Johnson sọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹni tó yá owó á máa ṣiṣẹ́ fún olówó, tàbí kó fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ kó máa sìn. Iṣẹ́ yẹn, èlé ni. Kò dín ojú owó kù rárá. Bó ṣe ogún ọdún lóko olówó, iye tó yá náà ló ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ń ta ẹrù ìkọ́lé níbẹ̀, irú Home Depot àti Lowe's, ní káàdì àwìn tiwọn. Ẹni tó bá ń san kìkì iye tó kéré jù tí wọ́n ní kó san lóṣù, èlé ló pọ̀ nínú ohun tó ń san. Ìwọ̀fà ni, kò kàn sí lóko ni.

Ẹ̀tàn kan tún wà. Wọ́n lè sọ pé kò sí èlé bí ẹ bá san tán láàárín oṣù mẹ́fà tàbí oṣù méjìlá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, bí ó bá ku owó díẹ̀ lọ́jọ́ tí gbèdéke pé, wọ́n á padà sí ọjọ́ tí ẹ ra ọjà, wọ́n á ka èlé láti ibẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ra ẹrù $2,400, ẹ san $200 lóṣù fún oṣù mọ́kànlá, ẹ wá kùnà ìkejìlá. $200 péré ló kù. Bí èlé bá jẹ́ 30 nínú 100 lọ́dún, nǹkan bí $390 ni wọ́n á bù lé e. Èlé ju gbèsè tó kù lọ.

Nílé níbí náà, gbèsè kì í sùn mọ́. Láti 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti fún àwọn báńkì láṣẹ pé bí ẹnì kan bá jẹ báńkì kan lówó tí kò san, wọ́n lè wá a dé inú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn nípasẹ̀ BVN. Àwọn ayánilówó orí fóònù náà ti dójú ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ onígbèsè, títí àjọ FCCPC fi gbé òfin kalẹ̀ fún wọn ní 2022. Ẹ wádìí bóyá ẹni tí ẹ fẹ́ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ yìí.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ: "Bàbá, owó tí a bá tọ́jú ń rọ̀ ni." Kò purọ́. Ẹrù tó ń gba Wharf Road jáde lójoojúmọ́, dọ́là ni wọ́n fi rà á, a sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà láti oṣù kẹfà 2023. Ní oṣù kejì 2024, àpò símẹ́ńtì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó ń tọ́jú owó símẹ́ńtì, iye rẹ̀ sá fún un. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti dáhùn ìyẹn tipẹ́. Kò tọ́jú owó, páànù ló tọ́jú. Páànù tó wà lẹ́yìn ilé, dọ́là ò lè jẹ ẹ́.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má gba àwìn láé. Bí òrùlé bá ń jò sórí ẹ̀rọ tí télọ̀ fi ń jẹun, tí dídúró sì máa ba iṣẹ́ jẹ́, kó gba àwìn tó níye, kó san án. Ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù dára fún irú rẹ̀, nítorí èlé wọn kì í sábà pọ̀, èrè rẹ̀ sì ń padà sáàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Àmọ́ àwìn tí a gbà kí àlejò lè yìn wá, àlejò á lọ, àwìn á kù. Ẹ má sì gba àwìn torí kí ojúbọ lè dán. Ohun tọ́wọ́ wa tó ni ká fi bọ Ifá.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Èló ni ọjà yìí lówó lọ́wọ́, èló sì ni gbogbo rẹ̀ bí mo bá san án díẹ̀díẹ̀? Bí mo bá kùnà oṣù kan, kí lẹ máa ṣe? Ìkẹta kì í ṣe ọlọ́jà la ó bi, ará ilé ni: bí n kò bá lè san, ta ni yóò san? Ẹni náà ni kí ẹ lọ bá kí ẹ tó gbé ọjà. Mi ò bi ìyá àwọn ọmọ, òun náà ló san án.

Àwọn àgbà ní, ẹni tó yá egbèfà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Mo ti san ti ṣọ́ọ̀bù tán. Ti ìyá àwọn ọmọ ni mo ń san lóṣooṣù báyìí, kò sì gba èlé. Bí oṣù bá parí, mo máa ń ra páànù méjì bọ̀. Mẹ́rìndínlógún ti wà lẹ́yìn ilé, ó ku mẹ́jọ. Àwọn aládùúgbò ti tún ń rẹ́rìn-ín.

Kí Ifá má jẹ̀ẹ́ ká rógun gbèsè. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o.