Ìwà Akéwì àti Òkìkí Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ìwà lòrìṣà, bí a bá ti hù ú sí ní í fi í gbeni. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn akéwì mu púpọ̀. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ewì nìkan ló yẹ kí á yẹ̀ wò, kí á pa ti akéwì tì. Ní èrò tèmi, ìlànà yìí kò lè tó fún ewì Yorùbá òde òní, nítorí pé lórí rédíò àti nínú àwo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gbọ́ ohùn ti bá ènìyàn pàdé.

Ẹ jẹ́ kí á fi akéwì méjì tí òkìkí wọn ti Ìbàdàn kàn ṣe àpẹẹrẹ. Èkíní ni Lánrewájú Adépọ̀jù, tó ṣaláìsí ní 2023. Kò kàwé púpọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Òun ló kọ́ ara rẹ̀. Kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ì báà jẹ́ sí aláṣẹ. Nígbà tó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fún ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ewì rẹ̀ náà súnmọ́ wáàsí. Líle tó le yìí ló mú kí àwọn kan gbà á gbọ́. Òun náà ló lé àwọn mìíràn sẹ́yìn.

Èkejì ni Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, tó kọ Àròyé Akéwì. Ó pe ara rẹ̀ ní Ọdídẹrẹ́ Ayékòótọ́: ẹyẹ tí í sọ ohun tó gbọ́, bí ayé tilẹ̀ kọ òtítọ́. Orúkọ yìí ti fún un láṣẹ láti sọ̀rọ̀ kó tó la ẹnu. Ní etí tèmi, ẹ̀fẹ̀ ló fi ń gbé òtítọ́ kalẹ̀, tí ẹni tí ó ń bá wí á fi rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Òkìkí lè bo àléébù ewì mọ́lẹ̀, a ó sì máa yin ènìyàn níbi tó yẹ kí á ti yẹ iṣẹ́ wò. Ọ̀nà tí mo rí ni pé kí á fún ẹlòmíràn ní ewì náà kí ó kà á sókè. Ohun tó bá ṣẹ́kù jẹ́ ti ewì. Ohun tó bá sọnù jẹ́ ti akéwì.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Nítorí náà, kí á má ṣe kó ìwé nìkan jọ. Kí á wá àwọn àwo àtijọ́ náà kí wọ́n tó bàjẹ́. Bí ìwé nìkan bá kù, ìdajì akéwì ti lọ.