Ìrìn-àjò Ìgbafẹ́ sí Òṣọ̀ọ̀rọ̀ Omi Olúmirìn: Ohun tí Ó Yẹ kí Olùkọ́ Mọ̀

Ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni òṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Olúmirìn wà. Ìpele méje ni omi náà fi ń dà wálẹ̀ láti orí òkè. Àsìkò òjò ni ó máa ń wuni í wò jù lọ, ṣùgbọ́n àsìkò yìí gan-an ni àpáta ibẹ̀ máa ń yọ̀. Bí òjò bá rọ̀ lókè, omi lè kún lójijì nísàlẹ̀, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn níbẹ̀. Nítorí náà, ìpele kìn-ín-ní ni kí olùkọ́ fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ. Bí omi bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, kí ó tètè kó wọn kúrò létí rẹ̀. A lè tún ìrìn-àjò ṣe. Ẹ̀mí ni kò láàrọ̀.