Àwòrán pòórá lójú kọ̀ǹpútà ìyá aránṣọ ní Ìlọrà: Díẹ̀ ló kù kí gbèsè oníbàárà bá a lọ!

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ gbọ́ o! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ gba ṣòkòtò mi lọ́wọ́ ìyá aránṣọ kan ní Ìlọrà, àfi bí mo ṣe bá a tó káwọ́ lérí. Mo ní, "Màmá, kí ló dé?" Ó ní, "Ọmọ mi, ìwé gbèsè mi ti lọ o!" Kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń nawọ́ sí.

Ọmọ rẹ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà náà wálé fún un. Inú rẹ̀ ló ń kọ gbèsè sí: ẹni tó rán bùbá tí kò tíì sanwó, àwọn aláṣọ ẹbí Fìdítì tí wọ́n san ìdajì, títí dórí ẹni tó kó aṣọ lọ nígbà Iléyá tó ní òun ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ń nu eruku orí tábìlì, ó sì ń tẹ máòsì káàkiri. Nígbà tí yóò fi gbójú sókè, gbogbo àwòrán kéékèèké ojú kọ̀ǹpútà ti pòórá.

Wọ́n pe ẹnìkan tó ní òun mọ kọ̀ǹpútà tún ṣe. Ó wò ó, ó mirí, ó ní àfi kí òun fọ́máàtì rẹ̀, 15,000 náírà. Mo pariwo! Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó bá fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yín, ó fẹ́ gbá gbogbo ohun tí ẹ kó pamọ́ síbẹ̀ dànù ni. Gbèsè tí ìyá yìí rò pé ó sọnù ìbá wá sọnù lóòótọ́, owó ara rẹ̀ ni ìbá sì fi ṣe é.

Bí ìjì bá ṣí pátákó tí ẹ kọ "A ń ránṣọ níbí" sí lọ, ṣé ṣọ́ọ̀bù ló bá a lọ? Pátákó ni púpọ̀ nínú àwọn àwòrán yìí. Ilé iṣẹ́ Xerox ló kọ́kọ́ ta irú kọ̀ǹpútà aláwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1981, ohun inú ọ́fíìsì ni wọ́n sì yà síbẹ̀: fáìlì, apẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì àwòrán. Bí ọfà kékeré bá wà níbẹ̀, pátákó lásán ni. Èyí tí kò ní ọfà lè jẹ́ ìwé náà gan-an, ẹ má pa á rẹ́!

Mo jókòó. Mo gbé máòsì sí ibi tó ṣófo, mo tẹ bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn ọ̀rọ̀ kan yọ, mo lọ sórí "View". Òmíràn tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nísàlẹ̀ ni mo ti rí "Show desktop icons". Kò sí àmì maàkì, irú èyí tí tíṣà ń fi sí iṣẹ́ tó dáa, níwájú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Wéré, gbogbo wọn padà sípò! Ìyá fò sókè.

Ó tún bi mí léèrè "This PC" tó ń rí lójú kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ò sọnù o. Láti ìgbà Windows XP lọ́dún 2001 ni àwọn Microsoft kì í ti í sáábà gbé e síta mọ́, àfi "Recycle Bin," agbọ̀n ìdalẹ̀nù. Mo tún tẹ ọ̀tún, mo mú "Personalize," lẹ́yìn náà "Themes," lẹ́yìn náà "Desktop icon settings." Mo maàkì "Computer," mo tẹ "OK," ó yọ.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n pa ìwé gan-an rẹ́ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ ṣí agbọ̀n yẹn. Bí ẹ bá bá a níbẹ̀, ẹ tẹ ọ̀tún lórí rẹ̀, kí ẹ mú "Restore." Bí wọ́n bá ti da agbọ̀n nù, ẹ má kọ nǹkan mìíràn sí kọ̀ǹpútà náà kí ẹni tó mọṣẹ́ lóòótọ́ tó dé. Mo sọ fún ìyá pé kó ra fíláàṣì, kó máa da ìwé gbèsè náà kọ sínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó ṣí ìwé náà, ó wo orúkọ àkọ́kọ́, ó gbé fóònù: "Ìyàwó, ẹ má bínú o, owó aṣọ ẹbí yẹn ńkọ́?" Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló yíjú sí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, o ṣé o. Ṣùgbọ́n mo rí orúkọ tìrẹ náà níbí. Owó ṣòkòtò ku 4,000."