Ohun Tí Kì Í Jẹ́ Kí Oje Rọ́bà Dì Lójú Ẹsẹ̀

Lóko rọ́bà lágbègbè Igbótako, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, kùtù hàì ni wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ fá èèpo igi. Oje funfun á máa kán sínú ife tí wọ́n so mọ́ ìdí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kó o títí di ọjọ́ kejì, ó ti dì gbagidi, ó sì ti ń rùn.

Rọ́bà inú oje yẹn kò yòrò sínú omi bí iyọ̀. Kóró tíntìntín ni. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju ìdá 3 nínú 1,000 mìlímítà lọ. Wọ́n kó ìdá 30 sí 40 nínú 100 oje náà, omi ló sì pọ̀ jù nínú ìyókù. Irú àdàlù báyìí ni Thomas Graham, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ Scotland, fún lórúkọ kọ́lọ́ìdì ní 1861.

Kí ni kì í jẹ́ kí àwọn kóró náà so pọ̀? Púrótéènì àti ọ̀rá tó ti ara igi wá ló bo kóró kọ̀ọ̀kan, wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ láì wọnú rẹ̀. Adsorption ni àwọn onímọ̀ ń pe irú lílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbora yìí ní iná mànàmáná òdì lára, òdì àti òdì kì í sì í gbà fún ara wọn: bí kóró méjì bá súnmọ́ra, wọ́n á ti ara wọn sẹ́yìn.

Bakitéríà ló ń ba ètò yìí jẹ́. Wọ́n ń jẹ ṣúgà inú oje, wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì. Ásíìdì á pa iná ara ìbora náà, kóró á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra, oje á di ìṣù. Ẹni tó bá fẹ́ kó tètè dì á bu ásíìdì fọ́míìkì tí wọ́n ti bomi là sí i. Ẹni tó fẹ́ kó ṣàn, amóníà ni tirẹ̀: ó ń pa bakitéríà, ó sì ń ká ásíìdì lápá kò.

Kí igi rọ́bà Brazil tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, igi ìrẹ́ inú igbó ni wọ́n ń gba oje lára rẹ̀, wọ́n á sì sè é títí á fi dì. Ní 1895, rọ́bà tó gba Èkó jáde ju 2,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ojúkòkòrò ló ba òwò náà jẹ́. Wọ́n dá igi lọ́gbẹ́ títí ó fi kú.

Lónìí, oje tó ṣì ń ṣàn ni wọ́n fi ń ṣe ìbọ̀wọ́ dókítà àti kọ́ńdọ̀mù. Ìṣù inú ife, táyà ló sábà ń bá lọ. Lójú tèmi, àgbẹ̀ tí kò rí amóníà rà, tí ọ̀nà oko rẹ̀ ò sì ṣeé gbà lójò, kò tíì ní ohun tó ń yàn nínú méjèèjì. Ìṣù ni yóò tà, oníbàárà á sì tún yọ owó omi àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò.