Wákàtí Mélòó Gan-an ni Èkó sí New York?

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú ni mò ń tà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi jẹ́ ìyá tí ọmọ wọn bímọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni pé, "Ọ̀nà yẹn á ti jìnnà tó?" Mo fẹ́ràn kí n fara balẹ̀ dá wọn lóhùn, torí ohun tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì lè da orí ẹni rú.

Ẹ jẹ́ ká mú tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Keje. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ á gbéra ní Èkó ní aago 11 alẹ́, á sì balẹ̀ sí New York ní aago 5 ìdájí. Màmá á fi ìka ka wákàtí 6. Nígbà àbọ̀, aago 10 alẹ́ ló máa gbéra, aago 1 ọ̀sán ló máa dé. Wákàtí 15 nìyẹn! "Ṣé ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n máa fi gbé mi bọ̀ ni?" Rárá o, Mà. Bíi wákàtí 11 ni àlọ, àbọ̀ sì tó 10. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi kọ ìgbéra àti ìbalẹ̀.

Ayé ń yí dígírì 360 ní wákàtí 24, ìyẹn dígírì 15 ní wákàtí kan. New York fi bíi dígírì 77 wà ní ìwọ̀ oòrùn Èkó. Ẹ pín in sí 15, wákàtí 5 àti díẹ̀ ni Èkó fi ṣáájú. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, tí wọ́n bá ti fa aago wọn sẹ́yìn fún àsìkò òtútù, ìyàtọ̀ aago wa àti tiwọn á di wákàtí 6.

Àlọ ni o, àbọ̀ ni o, ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 8,400. Afẹ́fẹ́ ló fa ìyàtọ̀ wákàtí kan tó wà láàárín àlọ àti àbọ̀. Ní bíi kìlómítà 10 sókè, afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn lórí àríwá Òkun Àtìláńtíìkì. Tí ọkọ̀ bá ń lọ, ó ń dojú kọ ọ́. Tó bá ń bọ̀, afẹ́fẹ́ náà ń tì í lẹ́yìn, bí odò ṣe ń gbé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ.

Lọ́ńdọ́ọ̀nù yàtọ̀. Bíi kìlómítà 5,000 ni, wákàtí 6 ààbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Àmọ́ òkè àríwá tààrà ni ọkọ̀ ń kọjú sí, ó ń gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Torí bẹ́ẹ̀, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago kan náà ni àwa àti wọn ń lò. Ìdí nìyẹn tí ìyá tó ti lọ sí Ìlú Ọba láìsí wàhálà fi lè dé Amẹ́ríkà kí oorun máa kùn ún ní ìrọ̀lẹ́, kí ojú rẹ̀ sì là kedere ní òru. Kì í ṣe àìsàn. Ara ṣì ń tẹ̀ lé aago Èkó ni.

Torí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má kó iṣẹ́ ilé lé màmá lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síta nínú oòrùn lójúmọmọ. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n bi dókítà ní aago tí wọ́n á máa lò ó kí wọ́n tó kúrò nílé. Nínú ọkọ̀, kí wọ́n máa mumi, kí wọ́n sì máa dìde rìn. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì tó máa yà ní ìlú mìíràn torí pé ó dínwó, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye wákàtí tí ìyá yín máa fi jókòó dúró níbẹ̀. Orúnkún àgbà náà wà nínú ìṣirò.