Bí ọ́fíìsì Òkìtìpupa ṣe lè máa pe ẹ̀ka rẹ̀ ní Àkúrẹ́ láì ra káàdì ìpè

Látìgbà tí fóònù GSM ti dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ti pa tẹlifóònù olówáyà NITEL tì. Bí akọ̀wé kan ní Òkìtìpupa bá fẹ́ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí, fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló máa fà yọ. Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ká mú ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra epo pupa bí àpẹẹrẹ. Olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Òkìtìpupa, ó sì ní ẹ̀ka ní Igbókòdá àti Àkúrẹ́. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa ní ẹ̀rọ tó ń pín ìpè, èyí táwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní PBX. Íntánẹ́ẹ̀tì ló máa so wọ́n pọ̀. Béèyàn bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á gé ohùn rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, á fi ránṣẹ́ bíi dátà, tọ̀hún á sì tò ó padà.

Nọ́ńbà kúkúrú ni wọ́n máa tẹ̀: bíi 201 fún Òkìtìpupa, 301 fún Igbókòdá, 401 fún Àkúrẹ́. Ibi méjì ò gbọdọ̀ ní nọ́ńbà kan náà, kí ẹ̀rọ má baà ṣi ìpè gbé.

Èló ló máa ná wọn?

Kò sí owó ìpè láàárín ẹ̀ka sí ẹ̀ka, dátà nìkan ni. Asterisk, tó ti wà láti ọdún 1999, ń sọ kọ̀ǹpútà di PBX, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìpè kan lè jẹ tó kílóbíìtì 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní lílọ àti ní bíbọ̀. Ìpè mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bíi mẹ́gábíìtì kan lọ. Ohun tó ṣe kókó ni kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró sójú kan, torí bó bá ń já, ohùn á máa gé.

Ibi tó ti lè dojú rú

Àkọ́kọ́ ni iná. Gbogbo ará gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ló mọ ohun tí àìsí iná fojú wọn rí. Bí sólà tàbí bátìrì ò bá gbé ráúta àti PBX dúró, fóònù máa kú.

Ìkejì ni ibi tí PBX wà. Lóṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun, títí kan MainOne, já nítòsí Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì sì dà rú ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá háyà PBX sókè òkun lè máà rí Àkúrẹ́ pè nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta ni àwọn olè. Bí password bá rọrùn, wọ́n á gba orí PBX pe òkè òkun lóru, ọ́fíìsì ló máa san bíìlì. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìpè gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń pè ní VPN.

Kí ọ́fíìsì tó náwó, kó kọ́kọ́ fi fóònù méjì dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan, láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nígbà tójò bá ń rọ̀. Kó má sì ju síìmù GSM nù, torí ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, òun ni wọ́n máa sá tọ̀.